Ó Lọ sí Èkó

Nígbà tí owó epo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ya wọ̀lú, tí ẹ bá ti Ìkòtún bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa lápá Ìgàndò, ọ̀nà pupa kan tí àgbàrá ti gbẹ́ kòtò sí lẹ máa gbà. Igbó obì wà lápá ọ̀tún, odò wà nísàlẹ̀, ilé wa sì tò sí àárín méjèèjì. Àwọn onílẹ̀ ń gbé lókè. Àwa àlejò tó ti Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ń gbé nísàlẹ̀, níbi tí omi òjò ti máa ń wọlé bá wa lórí ẹní. Gbogbo wa lápapọ̀ ò ju iye èèyàn tó lè kún mọ́ṣáláṣí kékeré kan lọ. Ìjọba ti ní a wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, àmọ́ ta ló dá wọn lóhùn? Ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì ní Ìkòtún ṣì máa ń ní òun ń lọ sí Èkó. Èkó jìnnà, òdìkejì omi ló wà.

Ìyá Ìbejì ni gbogbo ilé ń pè mí. Mo bí ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Èéyi mú àwọn méjèèjì, ó sì pa èyí ọkùnrin. Ìyá ọkọ mi ló fọwọ́ bò mí lẹ́nu kí n má bàa ké. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í sọ pé ìbejì kú, a máa ń ní ó lọ sí Èkó ni, torí ẹ̀rù ń bani pé tí èyí tó kù bá gbọ́, ó lè tẹ̀ lé ìkejì rẹ̀. Nítorí náà, Èkó lọmọ mi lọ. Ìyá ọkọ mi tún fi kún un pé bàtà ló lọ rà. Ohun tá a bá rà fún èyí obìnrin, méjì là ń rà: àwo méjì, ife méjì, aṣọ méjì lórí okùn. Ọmọbìnrin mi gbà wá gbọ́. Ó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa wo ọ̀nà Ìkòtún. Mo kórìíra irọ́ pípa, àmọ́ irọ́ yẹn, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi dì í mú.

Ni àwọn tí ìjọba rán láti ka èèyàn bá dé. Wọ́n ti ní kí oníkálukú jókòó sílé. Baálẹ̀ ti lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ní ẹni tó bá fi èèyàn pa mọ́ ni ò ní jẹ́ ká rí ọ̀nà ọ̀dà àti omi ẹ̀rọ gbà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni wọ́n rán sí ilé wa. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ fẹ̀ débi pé ó ń bá wa gbálẹ̀. Yorùbá ni, àmọ́ Òkè Ọya ni wọ́n ti tọ́ ọ, ó sì ń sọ èdè wa bí ẹni tó fi iṣu gbígbóná sẹ́nu. Ó ka èmi àti ìyá ọkọ mi, ó ka ọkọ mi tó ń fọ típà rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó ka ọmọbìnrin mi. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sára aṣọ méjì tó wà lórí okùn.

"Ìyá Ìbejì, ìkejì ọmọ yìí dà?"

"Ó lọ sí Èkó," ni mo wí.

"Lónìí? Wọ́n ṣáà ní kí ẹnikẹ́ni má jáde."

"Ó ti pẹ́ tó ti lọ."

"Ọ̀dọ̀ ta ló wà níbẹ̀?"

Ìyá ọkọ mi dá a lóhùn. "Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà." Ọkọ rẹ̀ tó ti kú kí n tó wọ ilé wọn ló ń wí.

"Àdúgbò wo, mà?"

Ìyá ọkọ mi wojú mi. Ọmọbìnrin mi ti dìde lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ẹnu wa níkọ̀ọ̀kan.

Ojú ọ̀dọ́mọkùnrin náà le. "Ẹ má bínú o. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa. Àwọn kan ń fi ọmọ pa mọ́, àwọn kan sì ń ní ká ka ẹni tí ò sí. Ẹ sọ ọ́ fún mi ní tààrà: ṣé ọmọ yẹn wà láyé, àbí ó ti..."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́!" Mo ti dìde kí n tó mọ̀. Ọ̀wọ̀ tí mò ń bù fún un látìgbà tó ti wọlé ti fò lọ. "Mo ní ó lọ sí Èkó! Ṣé o ò gbọ́ Yorùbá ni?"

Ọmọbìnrin mi ló rìn lọ bá a.

"Bàtà ló lọ rà," ló wí. "Ó ń bọ̀. Mò ń dúró dè é."

Ọkùnrin náà wò ó títí, ó wá wò mí. Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá ó yé e.

"Ó dáa," ló wí. "Tó bá ṣáà ti ń bọ̀, mo kà á mọ́ yín."

Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sára ilẹ̀kùn wa, ó sì lọ. Ìyá ọkọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ọmọ ò gbọ́," ló ń wí lábẹ́nu, "ọmọ ò gbọ́."

Nígbà tó yá, ọ̀dà dé lóòótọ́. Katapílà wó igi obì. Ọkọ mi ń kó yanrìn odò wa lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá àti Dọ́pẹ̀mú, wọ́n ń fi kọ́ ilé. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oṣù wá ń háyà yàrá lọ́dọ̀ wa, débi pé mi ò mọ ìdajì àwọn tá a jọ ń kí ara wa mọ́. Inú mi dùn sí i, n ò ní purọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọmọbìnrin mi sáré ti ilé ìwé dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Màámi! Tíṣà wa ní Èkó nibí o! Ó ní inú Èkó gan-an là ń gbé. Ìkejì mi wá dà?"

Mo wo ìyá ọkọ mi, ó yí ojú sí ògiri. Èkó ti wá bá wa nílé, kò sí ibòmíràn tí mo tún lè ní ó lọ. Ẹ̀rù bà mí pé tí mo bá la ẹnu, màá pàdánù òun náà. Ó ń wò mí lójú, ó ń retí. Mo la ẹnu ṣá.

"Ó ti kú, ọmọ mi."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi nìyẹn. Ó jókòó tì mí, kò sunkún.

"Ṣùgbọ́n wọ́n kà á mọ́ wa."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n kà á mọ́ wa.