Ọjọ́ Tí Wọ́n Fi Mí Wé Ìbaaka

Bí o bá dé Lapaz, tí o ní kí wọ́n júwe ọlọ́jà àgádágodo fún ọ, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa júwe. Ọdún méjìlélógún ni mo lò nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. N kò kàwé kọjá kíláàsì kẹta, ṣùgbọ́n àwọn tó kàwé gan-an, èmi ni wọ́n ń wá pè bí wọ́n bá ti ìlẹ̀kùn mọ́ ara wọn síta.

Ará Gà ni bàbá onílé wa. Nígbà tó kú, gbogbo Alata, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá ní Gánà, tó háyà ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀ gbé mínírà, wọ́n lọ kí àwọn ọmọ rẹ̀. Èmi kò lọ. Ó ti jágbe mọ́ mi rí lójú oníbàárà, mo sì ti búra pé ẹsẹ̀ mi kò ní tẹ ilé rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù méjì, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ àkọ́bí rẹ̀. Ọmọbìnrin mi ló kà á, ẹni tí mo ń kọ́ níṣẹ́ kí ó lè gba ṣọ́ọ̀bù náà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní kí n kó jáde níparí oṣù, pé "mulish" ni mí.

"Kí ni yẹn?"

"Ara ìbaaka ni wọ́n ti mú un, Bàámi. Ẹran tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti ẹṣin bí. Bí kò bá fẹ́ rìn, ẹ lù ú títí, kò ní gbẹ́sẹ̀."

Ó dùn mọ́ mi. Mo ní, "Ó mọ̀ mí dáadáa nìyẹn."

"Wọn kì í fi yin èèyàn. Ẹni tó dúró lórí òtítọ́, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀."

Mo ní kó lọ nu gíláàsì àtẹ ọjà wa.

Kò sí ẹni tí n kò sọ ọ́ fún, títí kan àwọn awakọ̀ trotro. Ọ̀rẹ́ mi, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí tèmi, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Inú ló ń bí ọmọ onílé yẹn pé o kò wá kí wọn. Jẹ́ ká gbé mínírà lọ bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀."

"Ìbaaka kì í bẹ̀bẹ̀."

"Ìbaaka kì í háyà ṣọ́ọ̀bù náà."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo wọ agbádá. Mo rìn dé kọ̀rọ̀ ilé wọn, mo rí àwọn ọmọkùnrin wọn lẹ́nu ọ̀nà, mo padà.

Nígbà tí oṣù parí, a bá àgádágodo lẹ́nu ilẹ̀kùn wa, yẹpẹrẹ kan tí n kò jẹ́ tà fún ọ̀tá mi pàápàá. Mo yọ pínnì lórí ọmọ mi láti fi ṣí i.

Ó ní, "Bí ẹ bá ṣí i tán ńkọ́, Bàámi?"

N kò ṣí i mọ́; mo jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Àsárì.

Oríta Circle la wà báyìí, tábìlì kan lábẹ́ agboòrùn. Àpò fóònù ni ọmọ mi ń tà, kì í ṣe àgádágodo mọ́. Lọ́jọ́ kan tí oòrùn mú, ó ní, "Ohun kan wà tí n kò sọ fún yín nípa ìbaaka. Kì í bímọ." Kò wojú mi. Mo mú kọ́kọ́rọ́ kan, mo fẹ́ fi hàn án bí a ṣe ń ka eyín rẹ̀. Ó ní òun ní oníbàárà.