Orí Ìyàwó Lára Ògiri

Mo rántí ọdún tí ìjì ká páànù orí ilé wa l'Ọ́yọ̀ọ́ àti ti gbogbo ará àdúgbò, ní àsìkò ọ̀wọ́n ọjà tí wọ́n ń pè ní Sáàpù. Àwọn àgbà ní igi tí a gé tán lẹ́yìn ilé ló jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rí wa mú. Kò pẹ́ sí i ni akọ̀wé káńsù kan wá bá baálé mi, tó ń kọ sáìnbọ́ọ̀dù tó sì ń yàwòrán, pé kó ya pósítà tí yóò sọ fún ará ìlú kí wọ́n má gégi mọ́. Baálé mi ya àdá, ó ya igi tó wó lulẹ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ gígùn sábẹ́ rẹ̀. Akọ̀wé náà mi orí. Ó ní, "Àwọn tó ń gégi ò mọ̀wé. Àdá tí ẹ yà yìí, wọ́n á ní alágbẹ̀dẹ ló ń polówó ọjà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ká a lára. Ó ń rò ó kiri títí ó fi rí ìyàwó, ẹni tó fẹ́ lé mi, tó ń dìde láàárín ẹsẹ̀ mi. Irun dídì niṣẹ́ mi, èmi ni mo sì máa ń di ti ìyàwó. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di ṣùkú fún un tán ni, ó sì dùn ún wò. Baálé mi ní kó jókòó. Ó ya orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ ìlà irun kọ̀ọ̀kan di ọ̀wọ́ igi, ó sọ awọ orí di ilẹ̀. Mo ní, "Baálé mi, ṣé orí tèmi kì í ṣe orí ni?"

Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Irun tìẹ ti fẹ́lẹ́. Igbó tó dí ni mò ń wá."

Èmi tí mo bímọ mẹ́rin fún un. Nígbà tí ìyàwó tún wá dirun, mo fi gbogbo agbára fà á. Ó ní, "Ìyáálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ó le jù."

Mo ní, "Jókòó jẹ́ẹ́. Àbí ẹni tí wọ́n ń yà sórí ìwé kì í lè fara da nǹkan ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni mo dì í lẹ́ẹ̀mẹta léra wọn. Ohun tí mo ń fẹ́ ni kí irun náà já, kí baálé mi lè wá orí mìíràn yà. Ó sì já lóòótọ́. Iwájú orí rẹ̀ àti ẹ̀bátí rẹ̀ méjèèjì pá.

Ọjọ́ tí baálé mi pè é kó wá jókòó kí iṣẹ́ lè parí, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń retí ìbínú. Ó wo orí náà títí, ó wá pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ohun tí mò ń wá rèé. Ibi tí wọ́n ti gégi nìyí." Ó fi ọ̀dà pupa kun ibẹ̀ bí ilẹ̀ gbígbẹ, ó ya àgbàrá tó ń ṣàn gba ibẹ̀ kọjá, tó sọ̀ kalẹ̀ sójú obìnrin náà bí omijé. Iṣẹ́ ibi tí mo ṣe ló parí àwòrán fún un.

Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n lẹ̀ ẹ́ káàkiri. Nígbà tí mi ò lè wò ó mọ́, mo sá lọ sílé bàbá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, òun ni mo kọ́kọ́ rí lára ògiri gáréèjì. Obìnrin méjì tó ń ta igi ìdáná dúró níwájú rẹ̀. Ọ̀kan ní, "Ẹ wo ọmọ obìnrin. Ibi tí wọ́n ti gé e ló ń ro ó." Èkejì ní, "Ẹni tó di irun yìí mọṣẹ́ o." Ẹnu ń yún mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní èmi ni, wọ́n á bi mí ohun tó ṣe iwájú orí. Mo gbé ẹrù mi, mo kọjá.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo lò. Nígbà tí mo padà dé, ìyàwó ló bá mi sọ ẹrù. Ó ní, "Ẹ kú àbọ̀, ìyáálé mi. Orí mi ti rí wúruwùru, ẹ̀yin ni mo ń dúró dè." Ó lọ mú òòyà wá. Ó mọ̀ pé mo mọ̀ọ́mọ̀ fà á ni. Orí tirẹ̀ ni, báwo ni kò ṣe ní mọ̀? Mo rọra dì í, mi ò fà á rárá, débi pé kò tó ọjọ́ mẹ́ta tó fi tú.

Baálé wa ti lọ, ìyàwó náà ti lọ. Àwọn ọmọ mi a máa sọ fún àlejò pé ìyá kékeré wọn lẹ́wà débi pé káńsù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Lọ́jọ́ kan mo ní kí wọ́n jókòó. Mo ní, "Irun tó wà níbẹ̀, èmi ni mo dì í. Ibi tó pá, ọwọ́ mi náà ni." Àbígbẹ̀yìn mi wá bi mí bóyá mo ṣì ń jowú ẹwà ìyá kékeré wọn. Mo ní ẹwà kọ́. Bó ṣe gbé orí náà padà wá bá mi ni mo ń jowú, torí èmi ò lè ṣe é.