Ọ̀rọ̀ Mẹ́rìnlá Tí Àyúbà Rí Gbà Padà

Lọ́dún 1954, bí ẹnì kan ní Ìkòsí bá fẹ́ kọ lẹ́tà sí ọmọ rẹ̀ tó wà lókè Ọya, ọ̀dọ̀ Àyúbà ló ń lọ. Kò sẹ́ni tó mọ̀wé kọ tó o láti ibẹ̀ dé Kétu. Ẹ̀bùnọlá ìyàwó rẹ̀ ò mọ̀wé rárá; gàrí ló ń yan tà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àyúbà ń kọ lẹ́tà lọ́wọ́ ni gègé bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ mú un, ọwọ́ ọ̀tún ò gbọ́. Ó fẹ́ pe ìyàwó rẹ̀, ẹnu ti wọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n fi gbé e lọ sí ọsibítù l'Ékòó.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ń fọ̀pá rìn, àmọ́ "rárá" nìkan ló lè sọ. Wọ́n gbé ìwé síwájú rẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni tí ò rí irú rẹ̀ rí.

Dókítà sọ fún Ẹ̀bùnọlá pé, "Màmá, ibi tó bá ti kú nínú ọpọlọ àgbàlagbà kì í jí mọ́. Ẹ máa tọ́jú wọn nílé."

"Ṣé wọn ò lè tún ọ̀rọ̀ sísọ kọ́ ni, sà?"

"Kò sí nínú ìwé wa."

Ẹ̀bùnọlá bá lọ forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn àgbà níwèé nírọ̀lẹ́. Ohun tó bá kọ́ lónìí ni yóò fi kọ́ ọkọ rẹ̀ lọ́la. Àwọn ará àdúgbò ń rẹ́rìn-ín: "Ẹni tí ò mọ A ló fẹ́ kọ́ akọ̀wé!"

Yóò ti ìka ọkọ rẹ̀ bọ inú igbá, yóò ní, "Omi," yóò sì kọ ọ́ sára síléètì. Oṣù márùn-ún kọjá kí Àyúbà tó pe omi. Ẹ̀bùnọlá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún.

Láàárín ọdún méjì, ó mọ ọ̀rọ̀ mẹ́rìnlá, ó sì ń fọwọ́ òsì kọ wọ́n: omi, iyọ̀, òjò, ilé. Orúkọ ìyàwó rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Bó bá fẹ́ pè é, omi á lé ròrò sójú rẹ̀, á ní, "Rárá. Rárá." Nígbà tó yá, ìyàwó ń jẹ́ "Rárá" bí orúkọ.

Ẹ̀bùnọlá mú un padà lọ bá dókítà. Àyúbà kọ "òjò" níwájú rẹ̀.

"Ó yà mí lẹ́nu," ni dókítà wí. "Àmọ́ ẹnì kan ṣoṣo nìyí. Ó lè jẹ́ pé ara wọn ló kàn ń yá fúnra rẹ̀."

"Ẹ ò tiẹ̀ ní bi mí bí mo ṣe ṣe é, sà?"

Dókítà wo èrò tó tò sẹ́nu ọ̀nà, ó pe ẹni tó kàn.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àìsàn náà tún kọlu Àyúbà. Ọjọ́ kẹta ló kú.

Ẹnì kan ní Kétu gbọ́ ìtàn rẹ̀, ó ní kí Ẹ̀bùnọlá wá kọ́ ìyá òun tí irú àrùn náà mú. Ó lọ, ó ṣe gbogbo ohun tó ṣe fún ọkọ rẹ̀, fún oṣù mẹ́jọ. Ìyá náà ò sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

"N ò mọ ìdí ẹ̀," Ẹ̀bùnọlá máa ń wí. "Kò sì sẹ́ni tí mo lè bi."