Sàkáríyà Oníbọn Afẹ́fẹ́

Ọjọ́ tí àwọn ọlọ́pàá wá mú Sàkáríyà Jàbárù nílé rẹ̀ ní Lugbe, ní Abuja, ni àdúgbò tó mọ̀ pé ìbọn ọkùnrin náà kì í ṣe irú èyí tí wọ́n rò. Ẹnì kan ló lọ fẹjọ́ sùn pé bàbá kan wà níbẹ̀ tó ń yìnbọn lẹ́yìnkùlé ní gbogbo àárọ̀ Sátidé. Ọlọ́pàá méjì dé ní aago mẹ́wàá. Sàkáríyà kò sá, kò sì bẹ̀bẹ̀. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ fún òun ní ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí ọta mẹ́ta ló kù kí òun yin ọgọ́ta pé.

Èyí tó kéré nínú wọn, kọ́pùrù kan tó ń jẹ́ Afeez, ọmọ Ìkirè, dúró ń wò ó. Sàkáríyà yin ọta mẹ́ta náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ariwo wọn kò ju ti ẹni tó pòṣé lọ. Lẹ́yìn náà ló wọlé, ó gbé ìwé àṣẹ ìbọn rẹ̀ jáde, inú férémù onígíláàsì ló fi í sí bí àwòrán ìgbéyàwó.

"Bàbá, kí lẹ máa ń fi ìbọn yìí pa?" Afeez béèrè.

"Bébà."

"Bébà kẹ̀?"

"Bébà nìkan. Ṣé o rí ibi dúdú róbótó yẹn? Àmì funfun kan wà ní àárín rẹ̀ tí kò ju ojú ibi tí abẹ́rẹ́ gún lọ. Mítà mẹ́wàá ni láti ibí dé ọ̀hún. Ìwọ tí ìjọba kọ́ ní ìbọn, wá bá mi fi ọta kàn án."

Afeez yìn ín. Ọta náà kò kan bébà rárá, pákó tó gbé bébà dúró ló bà. Ó ní ìbọn náà ló wọ́. Sájẹ́ǹtì tí wọ́n jọ wá ní kó kúrò níbẹ̀, kó jẹ́ kí àgbà fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn án. Tòun náà ba pákó. Nígbà tó di aago kan, ọ̀gá wọn rán ẹlòmíì wá wo ohun tó dá wọn dúró, onítọ̀hún náà kò padà. Aago mẹ́ta ni ọ̀gá fúnra rẹ̀ dé. Ó bá àwọn ọlọ́pàá rẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìnkùlé, wọ́n ti bọ́ fìlà, wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tó kàn. Ọ̀gá jágbe mọ́ wọn títí ohùn rẹ̀ fi há. Lẹ́yìn náà ló wá rọra bi Sàkáríyà pé, ta ló wà lẹ́yìn nínú ìlà.

Sàkáríyà ti kú báyìí. Oṣù kejì ọdún yìí ni wọ́n sin ín. Àwọn tó wá kí ìyàwó rẹ̀ kò mọ nǹkan mìíràn tí wọ́n lè sọ ju ìtàn ọlọ́pàá yìí lọ. Wọ́n á sọ ọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì fi etí aṣọ nu ojú.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Ọdún méjìlélógún ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Idu, nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin. Níbẹ̀ ni òun àti ẹlẹ́rọ kan, ará ilẹ̀ Jámánì, ti di ọ̀rẹ́. Òyìnbó yìí máa ń dúró sẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí, á gbé bébà kọ́ sí òpin ilé ìkẹ́rùsí tó ṣófo, á sì máa fi ìbọn afẹ́fẹ́ yìn ín. Ìbọn náà kì í lo ẹ̀tù. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún mọ́ inú àgbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan lábẹ́ rẹ̀ ló ń ti ọta jáde, ọta ọ̀hún kò sì tóbi ju hóró àgbàdo lọ. Sàkáríyà kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àgbàlagbà ń bá bébà jà. Òyìnbó gbé e lé e lọ́wọ́. Ó gbìyànjú, ó tàsé. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sọ̀rọ̀ nǹkan mìíràn mọ́. Nígbà tí òyìnbó ń padà sílé, ó fi ìbọn náà ta á lọ́rẹ.

Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Lugbe kò tó mítà mẹ́wàá. Ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà ló dín. Fẹ̀yìntọlá ìyàwó rẹ̀ lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn fún ọ̀sẹ̀ kan, ó padà dé, ó bá ihò ńlá lára ògiri ilé ìdáná rẹ̀. Wọ́n fi irin nípọnnípọn tẹ́ inú rẹ̀, bébà kan sì so mọ́ pákó níwájú irin náà.

"Bàbá Lateefah, kí ló ṣe ògiri mi?"

"Ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà ló kù, Fẹ̀yìntọlá. Mi ò lè yìnbọn ní mítà mẹ́sàn-án àti àbọ̀ àti díẹ̀. Irọ́ nìyẹn máa jẹ́."

Fẹ̀yìntọlá wo ihò náà, ó wo ọkọ rẹ̀. "Ó dáa. Gbogbo Sátidé tí ìbọn bá ń dún níbí, inú ihò yẹn ni kó o ti lọ wá oúnjẹ rẹ."

Sàkáríyà ran ẹ̀wù ìyìnbọn fúnra rẹ̀, aṣọ tapólì ló fi ṣe é, pẹ̀lú ṣòkòtò tó le gbagidi, nítorí òyìnbó ti sọ fún un pé egungun ló yẹ kó gbé ìbọn dúró, kì í ṣe agbára. Nínú aṣọ yìí, kò lè tẹ orúnkún. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ jáde, Paul aládùúgbò rẹ̀, sójà tó ti fẹ̀yìntì, ọmọ Kàbbà, sáré gbé àga wá fún un.

"Bàbá Lateefah, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọkọ̀ wo ló gbá yín?"

"Kò sí ọkọ̀ tó gbá mi. Eré ìdárayá ni mò ń ṣe."

Paul yí i ká lẹ́ẹ̀kan. "Ta ni eré náà ń dá lára yá?"

Láti ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni Sàkáríyà kì í ti í gbé ohun tó wúwo, kí ọwọ́ rẹ̀ má bàa gbọ̀n lọ́jọ́ kejì. Fẹ̀yìntọlá á ní kó bá òun gbé korobá omi. Á ní ọwọ́ òun ń sinmi. Fẹ̀yìntọlá á ní ọwọ́ náà ti ń sinmi láti ọjọ́ ìgbéyàwó, kí ó kúkú sọ fún òun tó bá jí.

Síbẹ̀, ìbọn yẹn kò pa ẹ̀dá kankan rí. Àṣá kan wà tó ń gbé òròmọdìyẹ Jamilah, obìnrin Hausa tó ń gbé ní ojúlé kejì. Obìnrin náà wá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun yìn ín. Sàkáríyà ní bébà kì í ṣẹ̀jẹ̀, ìdí nìyẹn tí òun fi fẹ́ràn rẹ̀. Ó lọ sí Idu, ó kó ìfọ́ irin wẹ́wẹ́ tó ń dán, ó so ó kọ́ sórí àgò adìyẹ, ó ń kọ mànà-mànà nínú oòrùn. Àṣá kò padà wá mọ́. Jamilah ń sọ kiri pé, "Kai, àṣá gbọ́ orúkọ Bàbá ló ṣe sá." Sàkáríyà kò tún ọ̀rọ̀ náà ṣe fún un.

Ní ọdún kẹrin sẹ́yìn, ọta rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò láàárín. Ó ní bébà tí wọ́n ń tà báyìí kò dára. Ó ní atẹ́gùn ni. Nígbà tó yá, ó ní jẹnẹrétọ̀ Paul ló ń mi ilẹ̀. Ó lọ bá Paul, ó ní kó máa pa á ní gbogbo àárọ̀ Sátidé. Paul kò jiyàn. Oṣù kẹta ni, ooru ń mú bí iná, Paul pa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, ó jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ bi í pé ṣé lóòótọ́ ni jẹnẹrétọ̀ wọn ń mi ilẹ̀ dé ilé kejì.

"Kò mì í," Paul dáhùn. "Mo ti rí bí bàbá yẹn ṣe ń mu tíì."

Fẹ̀yìntọlá náà ti rí i. Ó ti ń gbọ́ bí ṣíbí ṣe ń kan ife tíntíntín ní àràárọ̀. Ìgbà tí ó di pé ṣíbí kò lè gbé ògì dé ẹnu mọ́ ló tó pe Lateefah, ọmọ wọn kan ṣoṣo, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, tó sì ń gbé ní Jikwoyi. Lateefah fi ọkọ̀ gbé bàbá rẹ̀ lọ sí ọsibítù.

Dókítà ní kó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. Ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n fúnra rẹ̀. Dókítà ṣàlàyé pé àrùn kan ni tó máa ń bá àgbàlagbà jà nínú ọpọlọ. Oògùn lè dín in kù, kò lè mú un lọ.

"Òsì ńkọ́?" Sàkáríyà béèrè.

"Òsì náà máa tẹ̀ lé e tó bá yá, Bàbá."

"Tó bá yá ni ìgbà wo? Oṣù kọkànlá ni ìdíje wa."

Wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n ń padà lọ sí Lugbe. Lateefah gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rí i pé bàbá òun ti fi ọwọ́ òsì di ọ̀tún mú, bí ẹni di ọwọ́ ọmọdé mú lójú títì.

Ó lọ sí ìdíje náà. Gbọ̀ngàn kékeré kan láàárín ìlú ni ẹgbẹ́ wọn ti máa ń ṣe é lọ́dọọdún, wọn kì í ju méjìlá lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló ti gba ipò kìíní rí. Paul bá wọn lọ, Fẹ̀yìntọlá àti Lateefah náà lọ. Sàkáríyà wọ aṣọ tapólì rẹ̀, ó gbé ìbọn sójú, ó dúró pẹ́. Ọta àkọ́kọ́ kò kan ibi dúdú. Èkejì kò kan bébà. Kò sí ẹni tó fẹ́ wo ojú ẹnì kejì.

Sàkáríyà gbé ìbọn sílẹ̀. Ó yíjú padà pẹ̀lú gbogbo ara, nítorí aṣọ náà kò jẹ́ kó yí ọrùn nìkan.

"Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi," ó ní, "ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ó ti ju ọdún kan lọ. Mo parọ́ mọ́ bébà, mo parọ́ mọ́ atẹ́gùn, mo sì parọ́ mọ́ jẹnẹrétọ̀ ọkùnrin tó jókòó níbẹ̀ yẹn. Paul, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí."

Paul dìde bí sójà. "Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, Bàbá Lateefah. Epo tí mo rí fi pamọ́ kúkú pọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀ tí kò lè tètè gbé ọwọ́ nù ún. Lateefah ló bá a nù ún. Ibẹ̀ ló ti bi ọmọ náà pé, "Ṣé o lè máa wá ní Sátidé?"

Lateefah ní òun á máa wá. Ọmọ Abuja ni. Tí wọ́n bá sọ Yorùbá sí i, òyìnbó ló fi ń dáhùn. Ṣùgbọ́n Sàkáríyà kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi òyìnbó kọ́ ènìyàn ní ìbọn. Ó jókòó sórí àga lẹ́yìn ọmọ rẹ̀, ọwọ́ méjèèjì ń gbọ̀n lórí itan, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: "Mí sínú. Mí síta díẹ̀. Dúró. Má fa tírígà, ṣáà máa fún un bí ẹní fún ọsàn tó ti rọ̀. Jẹ́ kó bọ́ fúnra rẹ̀."

Lọ́jọ́ kan Lateefah tàsé, ó sì bínú. Ó ní, "Dádì, ó bọ́ kí n tó múra." Yorùbá ló fi sọ ọ́, kò mọ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀. Sàkáríyà wo ìyàwó rẹ̀ lójú fèrèsé ilé ìdáná, ìyàwó rẹ̀ náà sì wò ó.

Ọdún méjì ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìparí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀ débi pé Lateefah ní láti dá èémí dúró kó tó lè gbọ́ ọ, èyí tí Sàkáríyà sọ pé ó dára fún ìyìnbọn. Ó kú ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan lórí àga rẹ̀, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn Jímọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá, Afeez náà wá, ó ti di sájẹ́ǹtì.

Ọjọ́ kẹsàn-án tí wọ́n sin ín jẹ́ Sátidé. Àwọn àlejò ti lọ. Lateefah gbé ìbọn jáde, ó nu ún, kò mọ̀ bóyá kí òun yìn ín tàbí kí òun gbé e sínú àpótí. Fẹ̀yìntọlá jáde wá láti ilé ìdáná, ó ń fi ìró nu ọwọ́.

"Gbé e fún mi," ó ní.

"Mọ́mì, ẹ ò yìn ín rí."

"Mo mọ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń gbé e?"

Lateefah tò ó síbi tó yẹ. Ó fi ìdí ìbọn ti èjìká ìyá rẹ̀, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ lé egungun ìhà. "Ẹ wá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín lé orí igi ìbọn yìí," ó ní, "kí ojú yín lè rí ibi dúdú yẹn."

Fẹ̀yìntọlá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e. Igi náà ti funfun níbẹ̀, ó sì ti jẹ díẹ̀ wọnú, ó ń yọ̀ kọ̀lọ̀.

"Ibí ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá rẹ máa ń wà?"

"Ibẹ̀ ni, Mọ́mì."

Fẹ̀yìntọlá pa ojú méjèèjì dé. Kò yìnbọn. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lórí igi náà, ó ń mí jẹ́jẹ́. Lateefah dúró tì í, kò sì sọ fún un pé a kì í pa ojú yìnbọn.