Ọmọbìnrin Tó Ń Gba Yàrá Sílẹ̀

Òórùn aṣọ kakí tí òógùn gbẹ mọ́ lára ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí bí mo bá rántí ilé-ẹ̀kọ́ girama tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Pobẹ̀. Òórùn yẹn yóò pa pọ̀ mọ́ ti ẹfun ìkọ̀wé àti ti àkàrà tí àwọn obìnrin ń dín lẹ́yìn ẹnubodè, eruku funfun tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń gbé bọ̀ láti ọ̀nà Onígbólò yóò sì bà lé gbogbo rẹ̀ lórí: ewé, fèrèsé, títí dé ìpéǹpéjú àwọn ọmọ. Alábòójútó ni mí níbẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí àwọn ọmọ wọ kíláàsì lásìkò, kí n mọ ẹni tó pẹ́ àti ẹni tí kò wá, kí n sì mọ ohun tó fà á. Wọ́n ní mo le. Mo le lóòótọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, bí kò bá sí ẹnìkan tó le nínú rẹ̀, ọjà ni yóò dà.

Àwọn tó dá a sílẹ̀ kò rò pé yóò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ìlú sọ fún mi pé ilé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, tí olùkọ́ sì mọ orúkọ bàbá ọmọ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Onígbólò kó àwọn ìdílé wá láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn àgbẹ̀ Towé, tí ó jẹ́ ọmọkùnrin nìkan ni wọ́n ń rán wá tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í rán ọmọbìnrin náà. Wọ́n kọ́ ilé kún ilé, ṣùgbọ́n ọmọ ń pọ̀ ju ilé lọ. Báyìí ni a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ní kíláàsì alárìnkiri. Bí o bá ti ṣiṣẹ́ ní irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ rí, kò yẹ kí n máa ṣàlàyé fún ọ. Kíláàsì tí kò ní yàrá tirẹ̀ ni. Bí kíláàsì kan bá lọ síbi eré ìdárayá, tàbí olùkọ́ wọn kò bá wá, àwọn alárìnkiri yóò wọ inú yàrá wọn fún ẹ̀kọ́ kan péré, agogo yóò lù, wọn yóò tún gbéra. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jókòó ló ni yàrá. Nítorí náà, bí agogo bá ti ń lù báyìí, ohun tí ìwọ yóò máa gbọ́ ni ẹsẹ̀ gìrìgìrì káàkiri ọgbà, àti ohùn èmi tí mò ń pariwo pé kí wọ́n má sáré, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í gbọ́.

Nínú ọ̀kan lára àwọn kíláàsì yìí ni ọmọbìnrin kan wà tó ń fi ọ̀pá rìn. Ọmọ Towé ni, ilé àbúrò ìyá rẹ̀ ló ń gbé ní Pobẹ̀. Àìsàn ló mú ẹsẹ̀ rẹ̀ kan rọ láti kékeré. Ọdún kan péré ló kù kí kíláàsì wọn dé ibi ìdánwò ìjọba. Ní oṣù àkọ́kọ́, òun ló máa ń dé kẹ́yìn ní gbogbo ìgbà. Olùkọ́ mìíràn á ti ti ilẹ̀kùn, òun á wá dúró síta pẹ̀lú ìwé lábẹ́ abíyá. Ìgbà mìíràn, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á dúró dè é, kíláàsì mìíràn á sì gba yàrá mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọn kò bú u, ṣùgbọ́n mo rí bí wọ́n ṣe ń mí kanlẹ̀, òun náà sì rí i.

Olórí kíláàsì wọn ló wá rò ó. Ọmọbìnrin tí bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Onígbólò ni, orí rẹ̀ pé bí ti àgbàlagbà. Ó ní bó ṣe jẹ́ pé ọ̀rẹ́ wọn yìí kò lè sáré, kí ó kúkú máa ṣáájú. Kí agogo tó lù, yóò dìde jẹ́jẹ́, yóò lọ sí yàrá tó bá ṣófo, yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà, yóò sì gbé ọ̀pá rẹ̀ dábùú ilẹ̀kùn. Kò sí ọmọ kankan nínú ọgbà náà tó jẹ́ fo ọ̀pá yẹn kọjá. Láti ọjọ́ yẹn, kíláàsì wọn kò tún pàdánù yàrá mọ́. Àwọn olùkọ́ gbà á láàyè. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé kan, nídìí àsíá, olórí ilé-ẹ̀kọ́ pè é jáde, ó ní, “Ẹ wò ó! Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t’àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Kò sẹ́ni tí kò wúlò nínú ilé yìí.” Gbogbo ọgbà pàtẹ́wọ́. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí eyín rẹ̀. Mo nu ojú mi, mo ní eruku Onígbólò ni.

Nígbà tí àwọn olùkọ́ jókòó ní òpin sáà àkọ́kọ́ láti yẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ wò, ẹnu yà wá. Ọmọbìnrin náà, tó mọ̀wé nígbà tó dé, ti ń rélẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ kò dára rárá. Wọ́n ní bí sáà tó ń bọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, yóò tún kíláàsì náà ṣe ni. Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbọ́, ó wá láti Towé. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò jókòó títí mo fi bẹ̀ ẹ́.

“Màdáàmù,” ó ní, “ọmọ tí ò lè kọ ebè, tí ò lè ru igi, ìwé ni mo ní kó dì mú. Bí ìwé bá ti kọ̀ ọ́, kó tètè kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Ẹ̀rọ alọ́wọ́ ń bẹ, kò gba ẹsẹ̀.”

“Ẹ fún mi ní sáà kan sí i, ìyá.”

“Sáà kan,” ló wí. “Bó bá tún kíláàsì ṣe, màá wá mú un.”

N kò lè bínú sí i. Ìyá tó ní ọmọ kan tó yàtọ̀ kì í ní àyè láti dán nǹkan wò lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, torí mo mọ̀ pé ọmọ yìí fẹ́ràn ìwé ju gbogbo àwọn tí mò ń lé wọ kíláàsì lójoojúmọ́. Mo lọ jókòó sẹ́yìn nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò wọn kí n lè fojú ara mi rí i. Olùkọ́ ìṣirò wọn jẹ́ ẹni tó máa ń jẹ́ kí ọmọ jìjàkadì kó tó ràn án lọ́wọ́. Ó kọ ìbéèrè sí pátákó, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń rìn láàárín àwọn ìjókòó. Àwọn ọmọ ṣe é tì, wọ́n tún un ṣe. Nígbà tó wá mú ẹfun tó ní, “Ó dáa, ẹ wo ibi tí ẹ ti ṣìnà,” ìgbà yẹn gan-an ni ọmọbìnrin náà di ìwé rẹ̀, ó mú ọ̀pá, ó sì jáde láti lọ gba yàrá sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbójú sókè, ó ti mọ́ wọn lára. Èmi nìkan ni mo ń wo ìjókòó rẹ̀. Gbogbo ẹ̀kọ́ ló ní òpin, ibẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀ sì máa ń wà. Ọmọ yìí kò gbọ́ òpin ẹ̀kọ́ kankan láti ìgbà tí a ti ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Mo pè é nígbà ìsinmi. Mo ní kó má jáde mọ́ kí agogo tó lù. Mo rò pé inú rẹ̀ yóò dùn. Ó di ọ̀pá rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

“Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á lọ́wọ́ mi. Kí n tó máa gba yàrá, ẹrù ni mo jẹ́ fún wọn.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Mo lọ bá olórí ilé-ẹ̀kọ́, mo ní kó wá yàrá kan tí yóò jẹ́ ti kíláàsì wọn. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, “Ibo ni kí n ti rí i? Ṣé kí n lé àwọn tó ń ṣe ìdánwò síta ni? Bí mo bá mú kíláàsì kan wọlé, òmíràn ló ń jáde.” Òótọ́ ló sọ, òótọ́ náà sì bí mi nínú.

Ní ọjọ́ kejì, mo dúró títí ọmọ náà fi jáde gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, mo wá wọ inú kíláàsì. Mo bẹ olùkọ́ ìṣirò kó fún mi láyè. Mo ní, “Ẹ wo ìjókòó yìí. Ohun tí Mùsíyé, olùkọ́ yín, ń kọ́ yín lọ́wọ́ báyìí, ta ni yóò fi kọ́ ẹni tó ń jókòó níbẹ̀?” Wọ́n wò ó. Olórí kíláàsì dìde. Ó ní, “Màdáàmù, oore la rò pé à ń ṣe.” Mo ní oore ni, n kò bá a wí. Olùkọ́ ìṣirò náà jókòó sórí tábìlì, ẹfun lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó wà lẹ́yìn ló wá sọ pé, “Ilé tí wọn ò kọ́ parí ńkọ́?”

Ó wà ní ìpẹ̀kun ọgbà, ògiri rẹ̀ ti dé ibi tó yẹ kí òrùlé bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ sì dúró síbẹ̀. Ewúrẹ́ ló ń sùn nínú rẹ̀. Kò sí kíláàsì tó fẹ́ ẹ, nítorí oòrùn, nítorí òjò. Olórí ilé-ẹ̀kọ́ fajú ro, ó ní bí àwọn òbí bá lè bò ó, òun yóò ṣe bí ẹni tí kò rí wọn. Àjèjé ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn bàbá wá láti Towé pẹ̀lú ọparun, àwọn òṣìṣẹ́ Onígbólò gbé okùn àti àdá wá, àwọn ọmọ gbá ìgbẹ́ ewúrẹ́ síta. Ìyá ọmọbìnrin náà ru imọ̀ ọ̀pẹ dé lórí. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó wo inú yàrá náà yíká.

“Ṣé ibí ni wọn ó máa wà, tí wọn ò ní í kúrò?”

“Ibí ni, ìyá.”

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri náà, ó sì padà lọ gbé imọ̀ mìíràn.

Ẹ̀kọ́ ìṣirò ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe níbẹ̀. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níta, mo ń ṣe bí ẹni tó ń wá àwọn tó pẹ́. Olùkọ́ mú ẹfun láti ṣàlàyé, ọmọbìnrin náà sì di ìwé, ó fọwọ́ kan ọ̀pá, ó ti dìde dé ìdajì. Olùkọ́ kò tilẹ̀ yíjú kúrò lára pátákó. Ó ní, “Jókòó, ọmọ mi. A ò lọ síbì kankan.” Ó jókòó. Fún ìgbà díẹ̀ kò mọ ohun tí ó máa fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà ó ṣí ìwé, ó ń wo pátákó bí ẹni tó dé ìlú tí kò dé rí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì sún ìwé tirẹ̀ mọ́ ọn. Mo kúrò nídìí fèrèsé nítorí omi ti dé ojú mi, lọ́tẹ̀ yìí n kò sì purọ́ mọ́ eruku.

N kò ní í sọ fún ọ pé ọmọ náà di ẹni ńlá. Atẹ́gùn ṣí òrùlé yẹn, wọ́n tún un bò. Òjò lé wọn sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn ẹlòmíràn. Nígbà tí àwọn olùkọ́ tún jókòó, díẹ̀ báyìí ló fi kọjá, ṣùgbọ́n ó kọjá. Ìyá rẹ̀ kò wá mú un. Ó wọ kíláàsì ìdánwò, kíláàsì ìdánwò sì ní yàrá.

Ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Sakẹ́tẹ́ ni mo wà báyìí, ó tóbi ju ti Pobẹ̀ lọ, àwọn ọmọ ń rìn láti Ìta Ìjẹ̀bú wá síbẹ̀ ní àárọ̀ kùtùkùtù. Irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ bí a ṣe ń rí iṣẹ́ fún ọmọ, pàápàá ọmọ tó bá ń bẹ̀rù pé òun ń di àwọn yòókù lọ́wọ́. Mo ti wá mọ̀ pé ibẹ̀ ni a ti lè pàdánù rẹ̀ lójú ara wa, tí a ó sì máa yìn ín. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá wá sọ fún mi nísinsìnyí pé ọmọ kan ṣeé rán níṣẹ́, pé òun ló ń pọn omi, tó ń pe olùkọ́, tó ń ṣí ilẹ̀kùn, pé wọn ò mọ ohun tí wọn ì bá ṣe láìsí i, n kì í tètè pàtẹ́wọ́. Mo máa ń bi wọ́n léèrè pé, ìgbà wo ló ń jókòó?