Àbùlẹ̀ Mẹ́sì Marius

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kì í ṣiṣẹ́. Èmi Abibatou, aránṣọ ní àdúgbò Akron, ni mo sọ bẹ́ẹ̀, èmi tí mo ti bú àbúrò mi Zouleyhath títí pé ọ̀lẹ ni.

Iṣẹ́ kíkà niṣẹ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn káàkiri ayé jọ ń kọ ètò kan tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti kọ̀ǹpútà kan dé òmíràn. Bí ẹnì kan bá fẹ́ tún ibì kan ṣe níbẹ̀, á fi àbùlẹ̀ tirẹ̀, ìyẹn àwọn ìlà tuntun tó kọ, ránṣẹ́. Wọn kì í lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn àfi tí ẹlòmíràn bá kà á, tó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ pé òun ti yẹ̀ ẹ́ wò. Zouleyhath wà lára àwọn tó ń kà. Ó lè fi ọjọ́ mẹ́ta wo ogójì ìlà, kó máa jẹ èékánná. Yàrá kan náà la jọ ń lò, ẹ̀rọ ìránṣọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kọ̀ǹpútà tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Lóṣù Kejì, àbùlẹ̀ Mẹ́sì Marius dé. Mẹ́sì la máa ń pe olùkọ́ níbí. Ọmọ Àgùdà ni Marius, òun ló sì kọ́ Zouleyhath níṣẹ́ fún ọdún méjì gbáko láìgba nǹkan kan, nígbà tí bàbá wa kú. Ó pè é lórí fóònù pé iléeṣẹ́ tóun ń bá ṣiṣẹ́ ti sọ ọ́: bí àbùlẹ̀ yìí ò bá wọlé kí ọjọ́ Jímọ̀ tó parí, kóun máa lọ sílé. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta! Níbo ló tún ti fẹ́ ríṣẹ́?

Mo ní, "Fọwọ́ sí i, jàre. Kí lo tún ń wò?"

Ó ń kà á lọ. Nígbà tó di Ọjọ́rú, mo rí i tó ń sunkún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó lábùkù."

"Àbùkù wo?"

"Kọ̀ǹpútà ńlá kan wà tí àwọn kéékèèké ń gbé inú rẹ̀ bí ayálégbé. Bí ìdì ọ̀rọ̀ bá dé fún ayálégbé kan, kọ̀ǹpútà ńlá kì í gbé e fúnra rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ kan tó yára ló ń gbé e fún, kóun lè máa bá iṣẹ́ mìíràn lọ. Ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n níbi tí Mẹ́sì kọ ọ́ dé, gbàrà tí ìdì bá ti bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀rọ, kọ̀ǹpútà ńlá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdì ti dé. Kò dúró kí ẹ̀rọ jíṣẹ́. Tí ayálégbé yẹn bá kó jáde kí ẹ̀rọ tó parí, tí ẹlòmíràn wọ yàrá náà ńkọ́? Orí ẹni ẹlẹ́ni ni ẹ̀rọ máa da ẹrù sí."

Ojú tì mí. Lọ́dún tó kọjá, mo gbé aṣọ yìgì Bouchra, oníbàárà mi kan, fún ọlọ́kadà kan, zémidjan, pé kó gbé e lọ sí Adjarra. Bó ṣe ń ṣáná sí ọ̀kadà ni mo ti pe Bouchra: "Aṣọ ẹ ti dé o!" Aṣọ ò dé. Aṣọ àyálò ló fi ṣe yìgì, kò sì kí mi mọ́ títí dòní. Zouleyhath ò dárúkọ Bouchra, ó kàn ń wò mí ni.

Síbẹ̀, mi ò gbà. "Ṣé gbangba báyìí lo fẹ́ kọ ọ́ sí pé olùkọ́ rẹ ṣàṣìṣe? Kí gbogbo ayé máa kà á?"

"Ohun tó ń pa mí lẹ́kún nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi."

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ dání, ó ní kí n sin òun lọ sílé Mẹ́sì. Mẹ́sì wà lọ́ọ̀dẹ̀. Zouleyhath kúnlẹ̀, ó sì fi ìlà náà hàn án lórí ìkúnlẹ̀ yẹn. Bàbá náà ní kó dìde, ó kọ̀. Bàbá wo ìlà náà títí, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tún un wọ̀.

"Ta ló tún ti rí i?"

"Ẹ̀yin àti èmi nìkan ni, Mẹ́sì."

"Tí o bá fọwọ́ sí i, ó máa wọlé lọ́la."

"Á wọlé."

"Ó sì lè pẹ́ gan-an kẹ́nikẹ́ni tó mọ̀."

"Ó lè pẹ́, Mẹ́sì."

 

Bàbá ní, "Kọ ọ́."

"Kí n kọ kí ni, Mẹ́sì?"

"Ohun tí o rí. Kọ ọ́ síbi tí gbogbo wọn á ti kà á. Ṣé bí mo ṣe kọ́ ọ kọ́ nìyẹn?"

Orí ìkúnlẹ̀ yẹn náà ló ti kọ ọ́. Jímọ̀ kọjá, wọ́n sì dá Mẹ́sì dúró lẹ́nu iṣẹ́ ní tòótọ́. Ó dùn mí wọnú eegun. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Zouleyhath ò lè jẹun kánú.

Lọ́jọ́ kan ni àbùlẹ̀ náà tún yọ. Mẹ́sì ti tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó rán an níṣẹ́ mọ́. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé Zouleyhath ló rí àṣìṣe òun. Àbúrò mi kà á fún ọjọ́ mẹ́rin, kó tó pè é.

"Mẹ́sì, mo fẹ́ fọwọ́ sí i báyìí."

Mo gbọ́ ohùn bàbá nínú fóònù: "Ṣé o ti kà á tán?"

"Mo ti kà á tán, Mẹ́sì."

"Tún un kà."

Zouleyhath nu ojú rẹ̀, ó padà sí ìlà àkọ́kọ́. Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, kí ariwo rẹ̀ má baà dí i lọ́wọ́.