Ta Ló Yá Èbúté Lọ́wọ́ Ta?

Ọdún méjìlélógún ni obìnrin kan ti ń tẹ ìwé fún olórí ìjọba láìṣì í tẹ̀, tí wọ́n fi ń pè é ní Ọwọ́-Kì-í-Ṣì. Ní òwúrọ̀ tí olórí fẹ́ fọwọ́ sí àdéhùn tí yóò fi èbúté sọ́wọ́ orílẹ̀-èdè mìíràn fún àádọ́ta ọdún, ariwo àwọn apẹja tí kò fẹ́ àdéhùn náà ń wọlé láti ẹnu géètì. Àbúrò Ọwọ́-Kì-í-Ṣì ọkùnrin wà láàárín wọn.

Olórí ń ka ọ̀rọ̀ tí yóò bá ará ìlú sọ, ó dúró lójijì.

"Ọwọ́-Kì-í-Ṣì, èwo tún nìyí? 'A yá èbúté lọ́wọ́ wọn' kẹ̀? A yá wọn ní èbúté ni mo wí. Ṣé onílé ń yá yàrá lọ́wọ́ àlejò ni?"

"Ẹ má bínú, sà. Mo ṣì í tẹ̀ ni."

Olórí kò rẹ́rìn-ín. Àdéhùn náà ní kí apẹja gba àyè lọ́wọ́ àlejò kó tó ju àwọ̀n.

"Àbúrò rẹ ńkọ́?"

"Ó wà níta, sà. Ó ní tí mo bá fi lè tẹ ìwé èbúté yìí, òun ò ní ẹ̀gbọ́n mọ́."

Olórí pa fèrèsé dé. "Tún un tẹ̀."

Ó tún un tẹ̀. Kò ṣì í lọ́tẹ̀ yìí. Olórí fọwọ́ sí àdéhùn.

Nígbà tí obìnrin náà ń lọ sílé, àbúrò rẹ̀ yà fún un lẹ́nu géètì.

"Ẹ káàsán, mà," ó ní, bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

"Ẹ káàsán, sà," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáhùn, ó sì kọjá.